Bí DJ ṣe ń dá orin padà fún èrò lórí dubstep: láti ìgbà tí wọ́n bá kígbe títí béèsì á fi tún já

Ọ̀pọ̀ DJ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń so orin méjì pọ̀ tí ẹsẹ̀ oníjó kò ní yẹ̀. Ibi tí nǹkan ti ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ìgbà tí èrò bá ní kí wọ́n dá orin padà, ìyẹn ni pé kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n yí i sẹ́yìn, kí wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀. Béèsì ti já (ó ti wọlé lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀), àwọn kan ń gbá ògiri, MC, ẹni tó ń fi máìkì bá èrò sọ̀rọ̀, ti ké "Reload!" ("Dá a padà!") lẹ́ẹ̀mejì. DJ wá sáré tẹ bọ́tìnnì kan, orin kú wẹ́lo. Kò sí ariwo àwo tó ń yí sẹ́yìn, kò sí ohun tí èrò lè fi mọ̀ pé ìbẹ̀bẹ̀ wọn gbà. Kí ó tó rí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, wọ́n ti ń yọ fóònù jáde. DJ mìíràn á dá orin padà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Òmíràn á dá orin kan ṣoṣo padà títí yóò fi sú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Dubstep ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, orin ijó oníbéèsì láti London, tó ń lọ ní ìlù 140 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà ni àṣà yìí ti wá, "pull up" ni wọ́n ń pè é, jungle àti grime, orin London méjì mìíràn, náà sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n dubstep yàtọ̀ ní ti pé ìbẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ gùn, béèsì sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn retí òun pẹ́. Ìretí yẹn ni ẹ ń dá padà fún èrò. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù, ẹ má gbàgbé èyí, torí òun ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti tún orin bẹ̀rẹ̀ àti bí ẹ ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ẹ̀rọ méjì tó ń yí àwo (Technics SL-1200 ló wọ́pọ̀ jù ní kílọ́ọ̀bù), tàbí CDJ méjì (ẹ̀rọ tó ń lu orin láti orí CD tàbí USB, tí a lè fọwọ́ yí òkè rẹ̀ bí àwo).
- Míkísà (ẹ̀rọ tó ń pa orin méjì pọ̀) tó ní féédà (ohun tí à ń fà sókè sódò láti fi ṣe ìró) fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè dín béèsì rẹ̀ kù lọ́tọ̀.
- Slipmat (aṣọ roboto tí à ń tẹ́ sábẹ́ àwo) tó ń yọ̀. Bí ó bá ti gbó tó ń lẹ̀ mọ́ àwo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
- Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún DJ, tí ṣóńṣó rẹ̀ rí roboto. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìgbọ́ran nílé kò lè fara da yíyí sẹ́yìn.
- Sítíkà kékeré àti bírò.
- Hẹ́dífóònù, àti ohun ìdí etí. Béèsì dubstep kì í ṣeré.
- MC, bí ẹ bá ní. Bí ẹ kò bá ní, iṣẹ́ náà ṣì ṣeé ṣe.

1. Ẹ mọ orin yín kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹni tí kò mọ ibi tí béèsì ti ń já kò lè dá orin padà dáadáa. Bar kan jẹ́ ìlù mẹ́rin. Ní 140, bar kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.7. Nítorí náà, bí béèsì bá já lẹ́yìn bar 16, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 27 ni èrò fi dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ bar 32, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 55. Ẹ kọ iye bar náà sórí sítíkà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà àárín àwo.

Ẹ lẹ òmíràn mọ́ bébà yẹn kan náà, kí etí rẹ̀ dojú kọ abẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí ìlù àkọ́kọ́ fẹ́ dún. Inú òkùnkùn lẹ máa ti lò ó, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti bébà náà pátápátá.

Fún ẹni tó ń lo CDJ, ẹ fi cue (àmì tí bọ́tìnnì CUE máa ń dá orin padà sí) sí orí ìlù àkọ́kọ́ kí ẹ sì fi pamọ́. Ẹ tún fi hot cue (àmì mìíràn tó ní bọ́tìnnì tirẹ̀) sí bar 16 ṣáájú béèsì. Bí ìbẹ̀rẹ̀ orin bá ti gùn jù bar 32 lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa tún un bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n á fi cue sí orí béèsì fúnra rẹ̀, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni èrò fẹ́. Èrò fẹ́ ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbé e fún wọn ní tààrà.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ orin náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè nígbà tó bá ku bar kan kí béèsì já. Bí ẹ bá yára jù tàbí ẹ pẹ́ jù, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n tó.

2. Ẹ ṣètò ẹ̀rọ kí èrò tó dé

Ẹ dé kílọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí àwo lẹ fẹ́ lò, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ jókòó lé. Tábìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nítòsí sípíkà ńlá á máa gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á gba ìgbọ̀n náà, yóò tún padà gba inú sípíkà jáde bí ìkùn tí kò dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí búlọ́ọ̀kù kọnkéré tàbí rọ́bà nípọn lábẹ́ ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti mọṣẹ́ dubstep. Ẹ bèèrè fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àṣejù ni.

Ẹ tẹ̀lé ìwé tó bá abẹ́rẹ́ wá nípa bí ó ṣe yẹ kí ó wúwo tó lórí àwo. Bí ó bá fúyẹ́ jù, yóò fò nígbà tí ẹ bá yí sẹ́yìn. Bí ó bá wúwo jù, yóò máa jẹ àwo.

Lórí CDJ, nǹkan méjì péré. Vinyl mode gbọ́dọ̀ wà ní títàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíyí tí ẹ bá yí i kò ní ṣe ju pé kó dín eré orin kù. SLIP gbọ́dọ̀ wà ní pípa. SLIP yìí ti dójú ti ọ̀pọ̀ DJ: ẹ ó yí orin sẹ́yìn dáadáa, èrò á hó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀rọ á fò lọ sí ibi tí orin ìbá dé ká ní ẹ kò fọwọ́ kàn án.

Àyẹ̀wò: ẹ mú orin tí béèsì rẹ̀ le, ẹ gbé féédà sí ibi tí ẹ ó gbé e sí lálẹ́, kí ẹ yí i sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fò, ìkùn kankan kò sì gbọdọ̀ kù nínú sípíkà lẹ́yìn tí ẹ bá dáwọ́ dúró.

3. Ẹ gbọ́ ohun tí èrò ń sọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọwọ́ lè kọ́ yíyí àwo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Etí máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ariwo pọ̀ nínú ilé ijó, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìbẹ̀bẹ̀.

Ariwo kan wà tó jẹ́ ti ìdùnnú lásán. Béèsì já, èrò ké "Óò!", wọ́n sì tẹra mọ́ ijó. Ọwọ́ wọn ti tẹ ohun tí wọ́n wá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jó. DJ tó bá dá orin padà ní ìdí yìí ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹni tó ń jẹun.

Ariwo tí à ń wá yàtọ̀. Ijó fúnra rẹ̀ á dàrú. Àwọn ènìyàn á kọjú sí yín. Ọwọ́ á lọ sókè, wọ́n á na ìka bí ẹnu ìbọn, láítà á máa tàn, fèrè á máa dún, àwọn tó wà nítòsí á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì yín. Ojú wọn ni mo máa ń wò jù. Ẹni tó ń jó ń wo ilẹ̀, tàbí ó ti di ojú. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ dá orin padà ń wo ọ̀gangan ibi tí ẹ wà, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

Ariwo kẹta ni ti àwọn ọ̀rẹ́ yín tó dúró síwájú. Wọn yóò kígbe fún ohunkóhun tí ẹ bá lù, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Bí àwọn tó fara ti ògiri lọ́hùn-ún, tí wọn kò mọ̀ yín rí, bá gbé ọwọ́ sókè, ìbẹ̀bẹ̀ ti pé.

Àwọn orin kan wà tí èrò máa ń bẹ̀bẹ̀ lórí wọn kí béèsì tiẹ̀ tó já, nítorí ohùn àkọ́kọ́ ti sọ orúkọ orin náà. "Night" tí Benga àti Coki, olórin dubstep méjì, jọ ṣe jẹ́ ọ̀kan. Benga yìí, ọmọ Croydon ní London, Adégbénga Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó rò pé orin yìí kò kàn wá. Lórí irú orin bẹ́ẹ̀, ẹ lè dá a padà láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó fojú kan béèsì. Ó máa ń dùn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni, torí ẹni tí ebi béèsì ń pa kì í ní sùúrù lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò wá ńkọ́? Láti ìgbà tí béèsì bá já, bar mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ẹ ní, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7 sí 14. Ẹ lo bar méjì àkọ́kọ́ láti fi gbọ́, kí ẹ lo ìyókù láti fi ṣe é. Bí bar 16 bá ti kọjá, ẹ jẹ́ kí orin lọ, kódà bí MC bá ń pariwo. Ara ti bá béèsì mu nígbà yẹn, bí ẹ bá dá a dúró, ẹ dá ijó dúró ni.

Mo le lórí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀ yìí, mo sì ní ìdí. Ní nǹkan bí 2005 àti 2006, bí ẹ bá lọ sí FWD>> ní kílọ́ọ̀bù Plastic People ní Shoreditch, tàbí DMZ ní Brixton, òde ijó dubstep méjì ní London, ọ̀pọ̀ orin tí ẹ máa gbọ́ wà lórí dubplate nìkan, ìyẹn àwo tí wọ́n gé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Jason Goz ló máa ń gé púpọ̀ nínú wọn ní Transition, ilé tí wọ́n ti ń gé àwo ní gúúsù London, fún DJ kan tàbí díẹ̀ tí olórin náà fọkàn tán. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí irú orin bẹ́ẹ̀ tó dé ọjà. Òmíràn kò dé ọjà títí dòní. Ẹni tó gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní ibòmíràn tó ti lè tún un gbọ́, nítorí náà igbe rẹ̀ ní ìtumọ̀. Lórí àwọn rédíò London tí kò ní ìwé àṣẹ, Rinse FM wà lára wọn kí ó tó gba tirẹ̀ ní 2010, àwọn tó ń gbọ́ orin nílé á fi fóònù flash sítúdíò láti bẹ̀bẹ̀ fún reload. DJ á rí i tí iná fóònù ń tàn, á sì mọ̀.

Lónìí, orin wà lórí fóònù gbogbo wa. Bí èrò bá ṣì ń bẹ̀bẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ilé yẹn ni wọ́n fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ kò lè fipá mú un jáde. Ẹ lè gbọ́ ọ nìkan.

Àyẹ̀wò: nígbà tí ẹ bá wà ní òde ijó tí kì í ṣe ẹ̀yin ni DJ, ẹ dúró ségbẹ̀ẹ́ kan. Lórí orin kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ sínú ara yín bóyá ẹ̀yin ìbá dá a padà tàbí ẹ kò ní dá a padà, kí DJ tó ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣe èyí títí ẹ̀yin àti DJ tó mọṣẹ́ á fi máa bára mu.

4. Ẹ pa ẹ̀rọ kejì

Ó yá kíákíá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan orin tó ń dún, ẹ fa féédà orin àtijọ́ wálẹ̀ pátápátá. Lórí dubstep, a sábà máa ń jẹ́ kí orin méjì jọ rìn pẹ́, nítorí náà orin àkọ́kọ́ lè ṣì wà nísàlẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá yí èkejì sẹ́yìn láìpa àkọ́kọ́, ìlù àkọ́kọ́ yẹn á ṣẹ́ kù nínú ilé bí ẹni tó sọ̀rọ̀ kọjá àsìkò.

Àyẹ̀wò: orin kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fò lórí míkísà.

5. Yíyí gan-an

Bí ẹ bá ń lo àwo

Ẹ gbé ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín lé orí bébà àárín àwo, nítòsí etí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣe sún mọ́ àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni àwo á ṣe yára tó fún eré ọwọ́ kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí orin dúró. Ìdúró yẹn kò ju ìlù kan lọ, ṣùgbọ́n èrò á gbọ́ ọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ẹ ti gbà.

Ẹ wá fà á sẹ́yìn, ní òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ẹ fà á le ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó yọ́ lọ fúnra rẹ̀, ẹ tún fà á kó tó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ti tó. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe èjìká. Ẹni tó bá ń fi èjìká fà á máa ń ti àwo sí ẹ̀gbẹ́, abẹ́rẹ́ á sì fò.

Béèsì tí a bá yí kíákíá kì í dún bíi béèsì mọ́. Ó ń di igbe tó ga, tó ń gún etí. Nítorí náà, kí féédà wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nígbà tí ẹ bá ń fà á.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fa féédà wálẹ̀ pátápátá. Ìgbà yìí ni kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè, kí ẹ tún un gbé sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo, kí ẹ lo sítíkà láti fi rí ìlù àkọ́kọ́ nínú hẹ́dífóònù. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i dé ìbẹ̀rẹ̀. Àwo tó ń yí ní 45 máa ń yípo bí ìgbà 41 kó tó dé bar 32. Kò sí èrò tó máa dúró wo ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: ẹ má ṣe gbé abẹ́rẹ́ sókè nígbà tí féédà ṣì wà lókè. "Gbì" tó máa jáde nínú sípíkà ńlá lè ba ohun olówó iyebíye jẹ́, ó sì máa ń já àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ láyà.

Dubplate ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ bò ni. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba orí rẹ̀ kọjá ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, ohùn tó ga ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Yíyí sẹ́yìn máa ń jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹ sì gbé abẹ́rẹ́. Èrò á gbọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́, àwo yín á sì pẹ́.

Bí ẹ bá ń lo CDJ

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àwo ẹ̀rọ náà, kí orin dúró. Ẹ ti í sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì jẹ́ kó máa yí. Nígbà tó bá ń dẹwọ́, kó tó dúró, ẹ tẹ CUE. Orin á padà sí ìlù àkọ́kọ́, á sì dúró dè yín níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣì í níbí. Àwọn kan á tẹ CUE láìyí nǹkan kan. Orin á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ariwo, èrò á sì rò pé iná ni wọ́n mú lọ. Àwọn kan á yí i dáadáa, wọ́n á gbàgbé CUE, àwo á dúró, orin á sì tún máa lọ síwájú láti àárín ibi kan. Àwọn tó kù á kọ́kọ́ dá orin dúró pẹ̀lú PLAY, wọ́n á wá tẹ CUE níbi tó dúró sí. Ẹ̀rọ á gba ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí cue tuntun, èyí tí ẹ ṣe nílé á sì kúrò lábẹ́ ọwọ́ yín.

Bọ́tìnnì tó ń ṣe ohùn yíyí fúnra rẹ̀ wà lórí míkísà àti àpótí ẹ̀rọ kan. Èmi kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò ó. Bákan náà ló ń dún nígbà gbogbo, èrò sì mọ̀ nígbà tí ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò fún méjèèjì: ariwo yíyí náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e sì mọ́ gaara, láìsí ìkùn, láìsí gbì.

6. Ẹ má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́

Lẹ́yìn yíyí, kò sí orin. Ọ̀pọ̀ DJ kò lè fara da èyí. Wọ́n á sáré tẹ orin bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ẹ mí sínú. Èrò ló ni ìdákẹ́jẹ́ yìí, wọ́n á sì fi ohùn ara wọn kún un: ẹ máa gbọ́ igbe, ìsúfèé, ẹ̀rín, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń di mọ́ra wọn. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá dára. Bí ariwo bá ń ga sí i, ẹ dúró. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ẹ tẹ orin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dé ilẹ̀.

MC ló ń di ibí yìí mú. Sgt Pokes ṣe é fún ọdún púpọ̀ ní DMZ, Crazy D sì ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ DJ Hatcha. MC tó mọṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí dubstep, nítorí orin náà fẹ́ àyè. Ó máa ń gbọ́ ìbẹ̀bẹ̀ èrò, á sọ ọ́ fún DJ, á tún ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ kó má tutù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́, ẹ bá MC yín sọ ọ́ ní gbangba: ta ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn? Èrò tèmi ni pé DJ ni. MC lè bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ọwọ́ DJ ló wà lórí àwo, òun ló sì mọ orin tó ń bọ̀. Ẹ fi àmì ọwọ́ kan sí àárín ara yín tó túmọ̀ sí "rárá", kí MC má baà kéde ohun tí ẹ kò ní ṣe.

Bí kò bá sí MC, ẹ gbé ọwọ́ kan sókè kí gbogbo èrò rí i, kí ẹ fi ọwọ́ kejì wá ìlù àkọ́kọ́. Ó ti tó.

7. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìka kan gbogbo bọ́tìnnì ohùn orin yẹn lórí míkísà, pàápàá ti béèsì. Bí ẹ bá ti dín béèsì kù nígbà tí ẹ ń so orin méjì pọ̀ tí ẹ kò dá a padà, gbogbo ilé á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 55, béèsì á sì já láìsí béèsì. Kò sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Féédà náà gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kó má lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà ti ń ṣiṣẹ́ dé góńgó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlù àkọ́kọ́, tàbí láti bar 16 ṣáájú béèsì bí ìbẹ̀rẹ̀ bá gùn jù. Ẹ jẹ́ kí orin dá wà, kí ohunkóhun má bá a rìn. Ẹ óò rí i pé èrò tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí láìkà á sí ní ìgbà àkọ́kọ́ ti ń gbọ́ gbogbo ìró inú rẹ̀ báyìí, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Àkókò yìí náà ni ẹ máa fi wá orin tó kàn. Ẹ̀rọ kejì ti ṣófo, ẹ sì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 27 sí 55 kí béèsì tó já. Ẹ lò ó, torí lẹ́yìn béèsì kejì, ẹ máa nílò orin tó lè dúró lẹ́yìn èyí láìjẹ́ kí ilé ṣubú. Orin tó rọlẹ̀, tí ìlù rẹ̀ pọ̀ ju béèsì rẹ̀ lọ, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: nígbà tí béèsì bá já lẹ́ẹ̀kejì, èrò gbọ́dọ̀ wọnú ijó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ariwo wọn sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ tàbí kó tó o.

8. Ẹ̀ẹ̀mélòó?

Fún wákàtí kan, mo máa ń rò ó sí méjì tàbí mẹ́ta. Orin kan náà, ẹ̀ẹ̀kan. Bí ariwo ẹ̀ẹ̀kejì bá ju ti àkọ́kọ́ lọ tí gbogbo ilé sì dúró jẹ́, ẹ tún un ṣe. Ìgbà kẹta jẹ́ ohun tí ẹ ó máa sọ̀tàn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa wéwèé. Ẹ má ṣe lò ó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ẹ kò tíì mọ irú èrò tó wà níwájú yín. Bí DJ tó ṣáájú yín bá sì ti dá orin kan padà, ẹ kúkú fi orin yẹn sílẹ̀ sínú àpò.

Nígbà mìíràn ẹ ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, béèsì á já lẹ́ẹ̀kejì, èrò kò sì ní mì. Ẹ má dá a padà mọ́, ẹ má sì wo MC. Ẹ jẹ́ kí bar mẹ́jọ kọjá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú orin tó kàn wọlé láti ìsàlẹ̀, kí ó gba béèsì lọ́wọ́ èyí tó wà nílẹ̀ ní bar 16 gẹ́lẹ́.